Omi Tí Wọ́n Ṣèlérí Dà? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń mú àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé jíhìn

Ẹni tó bá ti tò sídìí ẹ̀rọ omi láti ìdájí, tó tún gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà sílé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìṣòro omi fún un. Ẹni tí yóò bi ló ń wá. Ìdí nìyí tí mo fi kó àwọn ìbéèrè wọ̀nyí jọ. Nínú gbogbo wọn, ohun kan ni mo dì mú: iye bòhóòlù tí wọ́n ṣí kọ́ ló yẹ ká máa kà, iye ọjọ́ tí omi fi yọ nínú rẹ̀ ni.

Ìlérí wo gan-an ni wọ́n ṣe?

Ìlérí náà pọ̀, ó sì dára ká mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, torí ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n dá kò ní mọ̀ pé ọjọ́ ti kọjá.

Ní oṣù kẹsàn-án 2015, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà àti Benin nínú wọn, fẹnu kò pé kí 2030 tó parí, gbogbo ènìyàn ni yóò máa rí omi tó mọ́ mu, tí wọn yóò sì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó yẹ ọmọ ènìyàn. Kó tó dìgbà náà, ní ọjọ́ 28 oṣù keje 2010, àjọ yìí kan náà ti kéde pé omi mímu àti ìmọ́tótó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn.

Ní Nàìjíríà, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 2018 pé ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì. Ètò tó bá ìkéde náà rìn ní ìpele mẹ́ta: oṣù 18 fún iṣẹ́ kánjúkánjú, ọdún márùn-ún fún àtúnṣe, ọdún 13 láti fi gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 2019, ó fọwọ́ sí Àṣẹ Ààrẹ 009, tó fi 2025 ṣe gbèdéke fún fífòpin sí yíyàgbẹ́ síta ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní WASHNORM, sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 47 ènìyàn ló ń yàgbẹ́ síta ní 2018. Nígbà tí wọ́n tún kà á ní 2021, ó ti di mílíọ̀nù 48. Ọdún 2025 pé, ìlérí náà kò ṣẹ. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ Jigawa mú tirẹ̀ ṣẹ ní 2022, òun ló sì kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí náà nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. Jigawa kò lówó tó Èkó, kò lówó tó Ògùn. Nítorí náà ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe.

Ta ni wọ́n ń pè ní alábàáṣiṣẹ́pọ̀?

Gbogbo ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣe òfin àti ètò ńlá, òun náà ló ni àwọn àjọ bíi Ogun-Oshun River Basin Development Authority tó wà ní Abẹ́òkúta. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àjọ omi ìlú ńlá, òun ló sì ni RUWASSA tó ń mójú tó omi ìgbèríko. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé òfin 1999 gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo gbòò, omi ẹ̀gbin àti ìdọ̀tí lé lọ́wọ́. Ẹ ó rí i nínú àfikún kẹrin ìwé òfin náà. Lẹ́yìn wọn ni Báńkì Àgbáyé, Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, UNICEF, àti WaterAid tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láti 1995. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣojú ará ìlú wà níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kóra jọ sábẹ́ NEWSAN. Àwọn agbaṣẹ́ṣe wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ omi àdúgbò tí wọ́n ń pè ní WASHCOM náà wà níbẹ̀, màá bọ̀ wá sórí wọn.

Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó yìí, olúkúlùkù á máa nawọ́ sí ẹnì kejì ni. RUWASSA á ní ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó tún un ṣe. Ìjọba ìbílẹ̀ á ní ìpínlẹ̀ ló gbówó. Àjọ òkèèrè á ní àwọn ti fà á lé ará ìlú lọ́wọ́, àwọn sì ní ìwé tí baálẹ̀ fọwọ́ sí. Ìbéèrè tí mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni: orúkọ ta ló wà lórí iṣẹ́ yìí, títí di ọjọ́ wo?

Ṣé ètò kankan wà tí àwọn ńláńlá yìí fi ń jíhìn fún ara wọn?

Ó wà. Àjọṣepọ̀ àgbáyé kan wà tó ń jẹ́ Sanitation and Water for All. Ó kó ìjọba, àwọn afúnnilówó, ẹgbẹ́ ará ìlú, ilé iṣẹ́ aládàáni àti àwọn olùwádìí pọ̀ sójú kan. Ní 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìjíhìn tiwọn. Ìjọba ni yóò kọ́kọ́ kọ ohun tí òun máa ṣe àti ọjọ́ tí yóò parí sílẹ̀. Àwọn tó kù á wá kọ tiwọn láti ti ti ìjọba lẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ á wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì máa jókòó yẹ̀ ẹ́ wò bí oníkálukú ṣe ṣe tirẹ̀ sí.

Kò sí adájọ́ níbẹ̀, kò sí owó ìtanràn. Ìtìjú nìkan ni agbára tó ní. Àwọn kan tìtorí èyí sọ pé kò wúlò. Èmi kò bá wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í mú ẹni tí ẹnikẹ́ni kò wò. Bí ará Ìwó tàbí Ìkòròdú kò bá mọ̀ pé ẹnì kan ti dúró ní orílẹ̀-èdè mìíràn ṣèlérí ní orúkọ òun, ta ni yóò rán onítọ̀hún létí?

Ní Uganda, ọjọ́ ti pẹ́ tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí omi ti ń gbé ìròyìn iṣẹ́ jáde lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń jókòó pẹ̀lú àwọn afúnnilówó àti ẹgbẹ́ ará ìlú láti yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo wọn. Mo fẹ́ kí gómìnà kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá ṣe irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní gbọ̀ngàn tí ará ìlú lè wọ̀.

Ìgbà wo la lè sọ pé ẹnì kan ti rí omi?

Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ló jọ ń ka èyí fún gbogbo ayé láti 1990. Ẹni tó ń pọn omi ní ibi tí a dáàbò bò, bíi bòhóòlù, kànga tí a kọ́ ojú rẹ̀ tí a sì dé e, tàbí ẹ̀rọ omi, tí lílọ, títò àti bíbọ̀ rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ni wọ́n kà sí ẹni tó ní ìwọ̀nba tó kéré jù. Bó bá ju ìṣẹ́jú 30 lọ, kò tíì dé ibẹ̀, bó ti wù kí omi náà mọ́ tó. Èyí tí wọ́n ṣèlérí fún 2030 ga jù bẹ́ẹ̀: omi náà gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà ilé, ó gbọ́dọ̀ máa yọ nígbà tí a bá nílò rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ní kòkòrò ìgbẹ́ tàbí kẹ́míkà olóró nínú. Pẹ̀lú ìwọ̀n gíga yìí, bílíọ̀nù 2.1 ènìyàn ni kò tíì ní irú omi bẹ́ẹ̀ láyé ní 2024. Àwọn tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kò dé ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 3.4.

Tí kọmíṣọ́nnà bá wá sọ lórí rédíò pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ará ìpínlẹ̀ wa ló ti ní omi, ẹ bi í pé ìwọ̀n wo ló lò. Kí ẹ sì fi aago wọn tiyín. Kí ẹni tó máa ń pọnmi nílé gan-an gbé kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ kọ àkókò tó jáde àti èyí tó wọlé sílẹ̀. Inú ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí omi kànga bá ti rẹlẹ̀. Ẹni tó wọn omi ní oṣù keje kò tíì wọn nǹkan kan.

Wọ́n ti gbẹ́ bòhóòlù fún wa, wọ́n sì ti wá ya fọ́tò níbẹ̀. Kí ló tún kù tí a fẹ́ béèrè?

Èyí tó kù ló pọ̀ jù. Kò sí ìlú tí ẹ máa rìn dé tí ẹ ò ní rí i: táńkì dúdú lórí irin gíga, orúkọ aṣòfin gàdàgbà lára rẹ̀, ẹ̀rọ omi mẹ́rin tàbí mẹ́fà nísàlẹ̀ tí orí wọn ti yọ, koríko ti gba ìdí rẹ̀. Ẹ bi ìyá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Á ní omi náà yọ, ó dùn, àmọ́ kò pẹ́.

Ohun tó ń pa á kò ṣòro láti mọ̀. Lórí àpáta ni Èkìtì, Òkè-Ògùn àti apá tó pọ̀ nínú Ìbàdàn dúró lé. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sí níbi gbogbo níbẹ̀. Inú ilẹ̀ tó rọ̀ lórí àpáta àti ojú ibi tí àpáta ti sán ló máa ń wà. Bí agbaṣẹ́ṣe kò bá wádìí ilẹ̀ kó tó gbẹ́ ẹ, tàbí tó gbẹ́ ẹ láàárín òjò tí kò sì dán an wò láti mọ iye lítà tó ń yọ ní wákàtí kan, ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Ibòmíràn, omi wà dáadáa, iná ni kò sí: jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi sí i, kò sì sẹ́ni tó máa ra dísù. Ibòmíràn, sólà ni, olè ti yọ ọ́ lọ.

Ti ẹ̀rọ afọwọ́fà ló máa ń dùn mí jù. Rọ́bà tó wà nínú rẹ̀ máa ń jẹ, bí táyà ọkọ̀ ṣe ń jẹ. Rọ́bà náà kò wọ́n. Àmọ́ kí ọwọ́ tó tó o, wọ́n ní láti fa àwọn ọ̀pá irin inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, irinṣẹ́ tí wọ́n sì fi ń ṣe é kì í ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì gbogbo. Torí rọ́bà kékeré kan, odindi abúlé á padà sí odò.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá ṣí i, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn: èsì ìwádìí ilẹ̀, bí kànga náà ṣe jìn tó, èsì ìdánwò bí omi ṣe ń yọ sí, èsì àyẹ̀wò bóyá omi náà ṣeé mu, àti ọjọ́ tí ẹ̀rí tí agbaṣẹ́ṣe ṣe lórí iṣẹ́ rẹ̀, pé òun á tún un ṣe bó bá bàjẹ́, máa parí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn iṣẹ́ ìjọba, wọn kì í san gbogbo owó tán fún agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n á dá díẹ̀ dúró títí àsìkò ẹ̀rí náà á fi pé. Bí ẹ bá kọ̀wé kí àsìkò náà tó pé, owó tí wọn yóò fi mú un padà ṣì wà nílẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti gba owó rẹ̀ lọ.

Ní ti bòhóòlù àwọn aṣòfin, tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ àkànṣe, ìṣòro tó ń bá púpọ̀ nínú wọn ni pé RUWASSA kò mọ̀ sí i. Kò sí nínú ìwé wọn, wọn kò mọ irú ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀, wọn kò sì ní owó àtúnṣe rẹ̀ nínú ètò ìṣúná. Tí aṣòfin yín bá fẹ́ gbẹ́ kànga, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kó mú òṣìṣẹ́ RUWASSA dání wá kí ilẹ̀ tó ṣí.

Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá owó jáde?

Owó mẹ́ta ló wà, àwọn ènìyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀: èyí tí wọ́n kọ sínú ètò ìṣúná, èyí tí wọ́n tú sílẹ̀, èyí tí wọ́n ná. Èyí tí gómìnà ń kà níwájú ilé aṣòfin, tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde, ìkíní nìkan ni.

Ìròyìn tí àwọn ìpínlẹ̀ ń gbé jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta nípa bí ètò ìṣúná ṣe ń lọ ni kí ẹ wò. Láàárín 2018 sí 2022, ètò kan wà tí Báńkì Àgbáyé fi ń fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó bí wọ́n bá gbé ìwé ìnáwó wọn sí gbangba, èyí ló sì sọ ọ́ di àṣà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. BudgIT, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 2011, ń kó wọn jọ sójú kan. Ẹ̀ka wọn tó ń jẹ́ Tracka sì ń tọ iṣẹ́ àkànṣe dé abúlé. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RUWASSA tàbí àjọ omi sí. Ẹ wo iye tó wà fún ọdún náà, kí ẹ wo iye tó jáde títí di òpin oṣù mẹ́ta tí ìròyìn náà dá lé. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti parí, tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ òdo, ìgbà yẹn ló yẹ kí lẹ́tà yín dé ọ̀dọ̀ aṣòfin yín, kì í ṣe oṣù kejìlá.

Ẹ wò ó bóyá ìmọ́tótó ní ìlà tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2008, ní eThekwini lórílẹ̀-èdè South Africa, àwọn ìjọba Áfíríkà ṣèlérí pé àwọn yóò ya owó ìmọ́tótó sọ́tọ̀, àwọn yóò sì gbìyànjú kó tó ìdajì nínú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún. Wọ́n tún un sọ ní Ngor, ní Senegal, ní 2015. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ní ọ̀rẹ́ nínú ètò ìṣúná. Bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè, abẹ́ omi ni wọn yóò fi pamọ́ sí.

Bí a bá débẹ̀, wọ́n á ní ìwé ìjọba ni, àwọn kò lè fún wa. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá. Láti 2011 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FOI. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ìwé náà. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé e lọ sílé ẹjọ́, owó ìtanràn fún ọ́fíìsì tó fi àìtọ́ kọ̀ jẹ́ ₦500,000. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé náà ní ẹ̀tọ́ yìí: òfin gbà pé kí ẹlòmíràn bá a béèrè.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kàn wọ́n. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ parí àríyànjiyàn náà: òfin náà kan gbogbo ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbójú lé jù, ìyẹn ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Abala ogún rẹ̀ ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀, àmọ́ orí kejì ni abala náà wà, ìwé òfin kan náà kò sì jẹ́ kí ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ lórí orí kejì náà. FOI ló lágbára jù lọ́wọ́ yín lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.

Owó tí Báńkì Àgbáyé ń fúnni ńkọ́?

Ẹ má pè é ní ẹ̀bùn. Ètò omi àti ìmọ́tótó tó ń jẹ́ SURWASH, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2021, jẹ́ mílíọ̀nù 700 dọ́là, ẹ̀yáwó sì ni. Èkìtì ni ìpínlẹ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó wà nínú àwọn méje tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Àwọn yòókù ni Delta, Gombe, Imo, Kaduna, Katsina àti Plateau.

Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ló ń fa owó jáde. Bí ìpínlẹ̀ bá ṣe ohun tó ní òun máa ṣe, tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà sì lọ wò ó, owó á wọlé. Mo fara mọ́ ètò báyìí ju kí wọ́n kó owó sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó wá wò ó á lọ, ará ìlú ló máa ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fi jẹ́rìí sí àwọn ibi omi tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ lọ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ kan bá ṣe yín ní jàǹbá, bóyá wọ́n gba ilẹ̀ yín láìsan owó rẹ̀, Báńkì Àgbáyé ní ọ́fíìsì tó ń gba ẹ̀sùn tààrà lọ́wọ́ ará ìlú, Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà náà ní tirẹ̀.

Àjọ tó kó ẹrù rẹ̀ lọ ńkọ́? Ta ló máa jíhìn ìyẹn?

Ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà pa USAID, àjọ tó fi ń ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́, rẹ́, iṣẹ́ omi tí wọ́n ń náwó sí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì dúró lójijì. Ó dun ọ̀pọ̀lọpọ̀, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Èmi gbà pé afúnnilówó náà jẹ gbèsè ìjíhìn: kó sọ tẹ́lẹ̀, kó kó àwọn ìwé àti máàpù iṣẹ́ sílẹ̀, kó má fi ihò tí wọ́n ti gbẹ́ tí wọn kò dé sílẹ̀ fún ọmọdé láti já sí. Ṣùgbọ́n àwa ló ni ìlú. Kí àdéhùn kankan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ìjọba yóò ṣe ní ọjọ́ tí àlejò bá lọ. Bí wọn kò bá ní èsì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò ní èsì.

Omi la mọ̀. Kí ló kan ìjíhìn nínú ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀?

Ní oṣù kẹfà 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ènìyàn. Ìgbẹ́ tó dé inú omi tàbí oúnjẹ ló ń fà á. Kò sí bí a ṣe lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó wọn máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Bí wọ́n bá ní owó náà kò tíì dé, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè iye wolé-wolé tí wọ́n ní, àti ìgbà tí wọ́n wá sí àdúgbò yín kẹ́yìn. Ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ tó ń kó ìgbẹ́ máa ń dà á sí. Ẹ béèrè ẹni tó ń gba owó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà àti gáréèjì, torí ojoojúmọ́ ni owó ń wọlé níbẹ̀, kò sì yẹ kí omi wọ́n níbẹ̀. Ní iléèwé, ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé tó dára, tí wọ́n kùn lọ́dà, tí àgádágodo ńlá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin sì ń lọ sínú igbó lẹ́yìn kíláàsì. Nínú ìròyìn iṣẹ́, wọ́n á kà á mọ́ èyí tí wọ́n ti kọ́.

Onílé tó gbé ayálégbé sínú ilé tí kò ní ṣálángá náà gbọ́dọ̀ jíhìn. Ẹ má gbojú fo tiwọn nítorí pé wọ́n jẹ́ ará ilé.

Ṣé kì í ṣe àfojúdi ni ká máa bi àwọn àgbà àti ìjọba léèrè báyìí?

Ìbéèrè tí a bá bi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kì í ṣe àfojúdi. Baba wa kò bẹ̀rù rẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ gbé omi ẹ̀rọ wọ Èkó, tí wọ́n sì fẹ́ kí ará ìlú máa san owó orí omi, àwọn ará Èkó dìde ní 1908, wọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé ẹni tí omi náà wà fún àti ẹni tí yóò sanwó rẹ̀. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ Kábíyèsí tàbí baálẹ̀ kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, kí ẹ mú Ìyálọ́jà dání, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé yín jáde.

Àwa ará àdúgbò fúnra wa ńkọ́?

Àwa náà tọwọ́ bọ̀wé. Tí WASHCOM bá ń gba owó lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, kí akápò ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sétí gbogbo ìlú lóṣooṣù, kí owó àtúnṣe wà ní báńkì lórúkọ ènìyàn mẹ́ta. Kí obìnrin wà nínú àwọn mẹ́ta náà, torí àwọn ló ń pọnmi. Mi ò rí ìdí tí ẹni tí kò pọnmi rí fi máa jẹ́ alága ìgbìmọ̀ omi.

Ní Benin ńkọ́?

Ìṣòro kan náà ni, ètò rẹ̀ ló yàtọ̀. Ní Pobè, Kétou tàbí Savè, SONEB ló ni omi ìlú, ANAEPMR tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2017 ló ni ti abúlé. Ìjọba ibẹ̀ fi 2021 ṣe gbèdéke omi fún gbogbo ènìyàn, ọdún náà sì kọjá kí iṣẹ́ tó parí. Ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń bójú tó ọ̀pọ̀ omi abúlé níbẹ̀ báyìí, nítorí náà iye owó omi àti iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe, tó wà nínú àdéhùn wọn, ni kí ẹ di mú.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní London fẹ́ gbẹ́ bòhóòlù. Ìmọ̀ràn wo lẹ ní?

Ẹ pín owó náà. Kí ẹ fi apá kan gbẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ìyókù pamọ́ fún ọdún márùn-ún tó tẹ̀ lé e. Kí ẹnì kan máa fi fídíò omi tó ń yọ ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù, pẹ̀lú déètì. Kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní RUWASSA.

Kí ni kí a kọ sínú lẹ́tà náà gan-an?

Ẹ kọ ọ́ ṣókí. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ́fíìsì wọn ń lò jù, ẹ lè ní kí ọmọ iléèwé kan bá yín kọ ọ́, àmọ́ ohun tí yóò wà níbẹ̀ nìyí:

"Sí Ọ̀gá Àgbà RUWASSA, ìpínlẹ̀ ……. Mo ń béèrè lábẹ́ òfin FOI 2011 fún ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí, nípa bòhóòlù tó wà ní ……, ìjọba ìbílẹ̀ ……, tí wọ́n ṣí ní oṣù …… ọdún ……: àdéhùn iṣẹ́ náà pẹ̀lú iye owó rẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ tó gbà á, èsì ìwádìí ilẹ̀ àti àyẹ̀wò omi, ọjọ́ tí ẹ̀rí agbaṣẹ́ṣe yóò parí, orúkọ ọ́fíìsì tí àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti iye tó wà fún àtúnṣe náà nínú ètò ìṣúná ọdún yìí. Láti ọjọ́ …… ni omi kò ti yọ níbẹ̀ mọ́. Mo ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ méje."

Kí ẹ fi orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín sí i. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ọ̀kan kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí láti ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ ó ti máa ka ọjọ́ méje náà.